Ọlọ Iyọ̀ Tí Kò Lọ Mọ́: Ẹ Wo Iyọ̀ Kí Ẹ Tó Dá Ọlọ Lẹ́bi

  Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú dánfó, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ lórí afárá Carter, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ kan se oúnjẹ tí ẹ sì ń fi ọwọ́ kejì di fóònù mú, ẹ kú ìnáwó àkókò.

Ọ̀rọ̀ tòní kéré lójú, àmọ́ ó ń jẹ owó. Ọ̀rọ̀ ọlọ iyọ̀ ni. Ọlọ kékeré tí à ń gbé sórí tábìlì, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní grinder. Ẹ da iyọ̀ oníhóró ńlá sínú rẹ̀, ẹ yí orí rẹ̀, iyọ̀ kíkúnná á máa dà sórí ẹyin díndín tàbí ẹja yíyan. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń ṣiṣẹ́ bí àlá. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kejì, ẹ ó yí i títí ọrùn ọwọ́ yín á fi máa ro yín, hóró mẹ́ta péré ló máa bọ́. Ẹlòmíràn á gbá a mọ́ tábìlì. Ẹlòmíràn á jù ú sí pàǹtírí, á lọ ra tuntun ní Balógun, tuntun náà á sì tún ṣe bákan náà.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni mò ń gbé, mo sì ti tú irú ọlọ yìí fún ará ilé àti ọ̀rẹ́ tó pọ̀. Ohun tí mo rí kò le: ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọlọ kò ní àrùn kankan. Iyọ̀ inú rẹ̀ ló mu omi. Tí a bá wá ń fi agbára yí i, ìgbà yẹn gan-an ni ọlọ tó dáa á wá bàjẹ́ lóòótọ́. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní ń le koko.

Ohun tó wà nínú ọlọ náà

Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ọlọ òkúta nílé ìyá àgbà, ẹ ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Ọlọ ńlá wà nísàlẹ̀, ọmọ ọlọ wà lókè, ata wà láàárín. Ojú òkúta méjèèjì kò gbọdọ̀ dán jù. Tí ó bá ti ń dán, ata á kàn máa yọ̀ kiri ni, kò ní kúnná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi irin ṣá ojú ọlọ títí á fi tún rí gbágungbàgun.

Ẹ̀rọ ìlọta inú ọjà náà kò yàtọ̀. Irin pẹrẹsẹ méjì ló dojú kọ ara wọn nínú rẹ̀, ọ̀kan dúró, èkejì ń yí. Tí ẹ bá sọ fún ẹni tó ń lọ ata pé kò kúnná tó, ẹ ó rí i tí á na ọwọ́ sí ìdè ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, á fún un. Bí ó ṣe ń fún un ni irin méjèèjì ń sún mọ́ra.

Ọlọ iyọ̀ ni ẹ̀rọ yẹn ní kékeré. Eyín kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ nínú, òun kò yí. Eyín kejì wà lórí ọ̀pá tó gba àárín kọjá, òun ló ń yí tí ẹ bá yí orí rẹ̀. Sípíríǹgì kan ló ń tì í. Nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lórí ṣóńṣó ló ń sọ bí eyín méjèèjì ṣe máa sún mọ́ra tó. Nínú irú ọlọ bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá fún nọ́ọ̀tì yẹn, iyọ̀ á kúnná. Tí ẹ bá dẹ̀ ẹ́, hóró á tóbi. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé abẹ́ ni wọ́n ti ń yí tiwọn. Ìlànà kan náà ni.

Ẹ rántí nǹkan mẹ́ta: iyọ̀ gbọ́dọ̀ lè ṣàn wọlé sáàárín eyín, eyín gbọ́dọ̀ lè mú un, iyọ̀ tó ti kúnná sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Tí ọlọ yín kò bá lọ dáadáa, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dí.

Ìdí tí Èkó fi le fún iyọ̀

Iyọ̀ máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́, àmọ́ kì í mu ún bákan náà nígbà gbogbo. Ààlà kan wà. Tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ kò bá tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, iyọ̀ gidi á dúró ní gbígbẹ. Tí ó bá ti kọjá 75, iyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi títí ojú rẹ̀ á fi máa yọ́.

Ẹ wá wo ibi tí a ń gbé. Ọ̀sà wà níhìn-ín, òkun wà lọ́hùn-ún. Láàárọ̀ kùtù, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ Èkó sábà máa ń kọjá 80, nígbà òjò á tún lọ sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó túmọ̀ sí pé lóru àti láàárọ̀, ojú hóró iyọ̀ inú ọlọ yín ń yọ́ díẹ̀díẹ̀. Tó bá di ọ̀sán tí oòrùn mú, omi yẹn á gbẹ. Iyọ̀ tó ti yọ́ á tún padà di líle, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, á ti so hóró kan mọ́ èkejì. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, á tún yọ́. Lọ́sàn-án, á tún gbẹ. Bí wọ́n ṣe ń fi sìmẹ́ńtì so búlọ́ọ̀kù nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun tó jẹ́ hóró-hóró ti di òkúta kan ṣoṣo nínú ọlọ.

Iyọ̀ òkun tí wọn kò fọ̀ dáadáa tún burú ju èyí lọ. Ó máa ń ní èròjà kan nínú tó ń jẹ́ magnesium chloride. Òun kò dúró de 75 rárá, láti nǹkan bí 33 ló ti ń fa omi. Ọyẹ́ nìkan ló lè fún un ní ìsinmi lọ́dọ̀ wa.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ìyà yìí ń jẹ. Ní Amẹ́ríkà, ní 1911, ilé-iṣẹ́ Morton bẹ̀rẹ̀ sí í fi magnesium carbonate sí iyọ̀ wọn kí ó má baà máa dì nígbà òjò. Ìdí nìyẹn tí àwòrán ara páálí wọn fi jẹ́ ọmọbìnrin tó gbé agbòjò. Iyọ̀ kíkúnná tí à ń rà lónìí sábà máa ń ní irú oògùn aṣèdíwọ́ bẹ́ẹ̀ nínú. Iyọ̀ oníhóró ńlá tí à ń dà sínú ọlọ sábà máa ń wà láìní i.

Ohun kejì ni ọwọ́ ara wa. Ọ̀pọ̀ wa ń gbé ọlọ sókè ìkòkò tó ń hó, a sì ń yí i níbẹ̀. Ooru omi ọbẹ̀ ń lọ tààrà sí ẹnu ọlọ, sáàárín eyín, níbi tí iyọ̀ kíkúnná wà. Kò sí ibi tó burú ju ibẹ̀ lọ fún un. Èyí tó yọ́ níbẹ̀ á gbẹ mọ́ eyín bí ògiri. Iyọ̀ inú ìgò lè gbẹ fúnra rẹ̀ kí ó máa ṣàn dáadáa, síbẹ̀ kí ẹnu ọlọ dí pa.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ má yí i mọ́ ná. Ẹ mú àwo gbígbẹ kan, ẹ tú orí ọlọ, ẹ da iyọ̀ inú rẹ̀ síta.

Tí iyọ̀ kò bá fẹ́ jáde, tàbí tó jáde ní ọ̀gbẹlẹgbẹ̀, ìdáhùn ti dé: ó ti dì. Tí ó bá ṣàn jáde, ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi ìka rìn ín. Tí ó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó ti mu omi, kò tíì dì ni.

Ẹ wá yí ọlọ náà ní òfìfo lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ sì tẹ́tí sí i. Ẹ má yí i pẹ́, nítorí eyín kò fẹ́ kí wọ́n máa ha ara wọn. Tí ó bá yí fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ẹ̀rọ rẹ̀ dáa, iyọ̀ ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Tí ó bá le láti yí ní òfìfo, iyọ̀ ti gbẹ mọ́ eyín, tàbí nọ́ọ̀tì ti fún jù. Tí ó bá ń yí lókè ṣùgbọ́n tí eyín ìsàlẹ̀ kò yí, ọ̀pá àárín ti bọ́ kúrò ní àyè rẹ̀ tàbí ó ti ṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ dorí rẹ̀ kodò, ẹ tan iná fóònù yín sí eyín. Funfun tó dì mọ́ ibẹ̀ bí yìnyín, iyọ̀ ni. Pupa rẹ́súrẹ́sú, ìpẹtà ni. Eyín tó ti dán tí kò ní ṣóńṣó mọ́, ó ti jẹ tán.

Bí ẹ ṣe máa tún un ṣe

Tó bá jẹ́ iyọ̀ ló gbẹ mọ́ eyín, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ẹ kò lò mọ́, kí ó gbẹ táútáú, ẹ gbọn ibẹ̀. Ẹ fi ìtayín onígi yọ èyí tó wà nínú kòtò. Ẹ má lo ọ̀bẹ, ẹ má lo ìṣó.

Tí búrọ́ọ̀ṣì kò bá ràn án, omi ló kàn, àmọ́ ẹ kíyè sí irú eyín tó ní. Tó bá jẹ́ amọ̀ líle tí wọ́n fi iná sun, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní ceramic, tí ó sì ṣeé tú kúrò lára ọlọ, ẹ kó o sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Iyọ̀ tó tó gíráàmù 36 lè yọ́ sínú omi gíráàmù 100, nítorí náà, ife omi kan ti tó láti jẹ gbogbo ohun tó dì níbẹ̀. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, ẹ sá a fún odindi ọjọ́ kan ó kéré tán. Tí ẹ bá dá a padà láìgbẹ, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan. Tó bá jẹ́ irin ni eyín náà, tàbí tí kò ṣeé tú, ẹ má jẹ́ kí omi kàn án.

Iyọ̀ wá ńkọ́? Ẹ má dà á nù. Ẹ fi ọmọ odó tàbí ẹ̀yìn ṣíbí fọ́ èyí tó dì. Ẹ tẹ́ ẹ sínú páànù gbígbẹ lórí iná tó rẹlẹ̀ gan-an, ẹ máa rò ó fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, nítorí omi tó há sínú hóró iyọ̀ máa ń mú kí ó ta pàrà tí iná bá pọ̀. Tó bá ti ń dún wóró-wóró nínú páànù, ó ti gbẹ. Ẹ jẹ́ kí ó tutù pátápátá kí ẹ tó dá a padà. Iyọ̀ gbígbóná nínú ọlọ tí a dé, ńṣe ló máa tún làágùn síbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí hóró ńlá, kí ẹ wá máa fún un díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń yí i. Tí ẹ bá fún un pa láti ìbẹ̀rẹ̀, iyọ̀ kò ní ráyè wọlé, eyín á sì máa jẹ ara wọn. Ẹ má kún ọlọ dé ẹnu. Ohun tí ẹ máa jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ti tó.

Ẹ wo bí hóró yẹn náà ṣe tóbi tó. Tí ó bá tóbi ju ẹnu eyín lọ, á kàn dúró lókè ni. Iyọ̀ kíkúnná inú ọ̀rá náà kì í ṣe oúnjẹ ọlọ, ó ti kúnná tẹ́lẹ̀, á kàn máa dà gba àárín kọjá, yóò sì dí i lọ́nà. Iyọ̀ òkun aláwọ̀ eérú tó tutù lọ́wọ́, àti iyọ̀ tí wọ́n po mọ́ aáyù tàbí ewé, ẹ má dà wọ́n sínú rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí a fi ìrẹsì sí i, bí a ṣe ń ṣe fún iyọ̀ inú agolo. Nínú agolo, ó dáa. Nínú ọlọ, eyín á lọ ìrẹsì náà mọ́ iyọ̀, ẹ ó sì máa jẹ ìyẹ̀fun ìrẹsì sórí ẹyin. Ẹ di ìrẹsì yẹn sínú aṣọ tín-ín-rín, kí ẹ fi í sínú agolo tí ẹ tọ́jú iyọ̀ yòókù sí.

Eyín ata kì í ṣe eyín iyọ̀

Ìtàn sọ pé orí oko ata Arómirẹ́ ni Ìgá Ìdúngànrán, ààfin Ọba Èkó, wà títí dòní, nítorí náà ará Ìsàlẹ̀ Èkó kì í fi ọ̀rọ̀ ata ṣeré. Àmọ́ ẹ má da iyọ̀ sínú ọlọ tí wọ́n ṣe fún ata dúdú. Eyín ata sábà máa ń jẹ́ irin líle tó tẹ̀ kọdọrọ: ó ń gbá hóró ata mú, ó ń là á, lẹ́yìn náà ló ń lọ̀ ọ́. Iyọ̀ kò nílò kí a là á, fífọ́ ló ń fẹ́. Tí iyọ̀ àti ọ̀rinrin bá sì pàdé lórí irú irin bẹ́ẹ̀, ìpẹtà ló kàn.

Ilé-iṣẹ́ Peugeot tí a mọ̀ mọ́ mọ́tò 504, ọlọ ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó ṣe mọ́tò. Ọlọ kọfí wọn jáde ní 1840, ọlọ ata ní 1874, mọ́tò wọn àkọ́kọ́ kò dé títí di 1889. Títí dòní, eyín tí wọ́n ń ṣe fún iyọ̀ yàtọ̀ sí ti ata. Tí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ceramic ni kí ẹ béèrè, nítorí kì í dípẹtà. Ìgò iyọ̀ tí wọ́n ń tà pẹ̀lú ìdérí onílọ, tó jẹ́ pé ike ni eyín rẹ̀, kò pẹ́ tí eyín rẹ̀ fi ń jẹ. Tí ike bá ń jẹ, inú oúnjẹ ló ń bọ́ sí. Tí ìgò yẹn bá tán, ẹ má tún un kún.

Fún oníbátìrì, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì. Bátìrì tó ti ń kú á ṣì máa dún, kò kàn ní lágbára láti fọ́ iyọ̀ ni. Ẹ wo irin tí bátìrì ń fara kàn: tí ó bá ti yọ nǹkan aláwọ̀ ewé, ó lè jẹ́ iyọ̀ àti ọ̀rinrin ló ṣe é. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Ẹ má kì í bọ omi.

Iyọ̀ ìkòkò àti iyọ̀ tábìlì

Apá yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù. Láti ìgbà tí ọlọ ti dé, àwọn kan ti pa iyọ̀ ọ̀rá tì. Iyọ̀ aláwọ̀ osùn láti ilẹ̀ Pakistan nìkan ni wọ́n ń lò fún gbogbo nǹkan, wọ́n ní òun ló lọ́lá, òun ló lọ́ọ̀rìn fún ara.

Ní 1993 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò pé kí iyọ̀ tí à ń jẹ máa ní áyódìnì nínú. Ìdí wà fún un. Àìtó áyódìnì ló ń fa gẹ̀gẹ̀ ọrùn. Tó bá jẹ́ aláboyún ni kò rí i tó, ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ iyọ̀ oníhóró ńlá tí à ń lọ̀ ni kò ní áyódìnì tí a fi kún un. Ẹ ka ara páálí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, yálà Òkè Àrín lẹ ti rà á ni o, yálà ilé ìtajà ńlá ni.

Èkejì ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 iyọ̀ lóòjọ́, ìyẹn kò ju ṣíbí tíì kan lọ, pẹ̀lú èyí tó wà nínú búrẹ́dì, kúùbù àti indomie. Àwọ̀ osùn kò yí èyí padà, iyọ̀ náà ni. Tí ẹ bá ń gbé pẹ̀lú òbí tí dókítà ti kìlọ̀ fún, ọlọ tó ń lọ bó ṣe wù ú kò dáa fún wọn. Hóró ńlá kan á bọ́ síbì kan, wọn ò ní mọ̀ ọ́n lẹ́nu níbòmíràn, wọ́n á tún yí i. Ọlọ tó ń kúnná dọ́gba ń jẹ́ kí iyọ̀ díẹ̀ tàn ká orí oúnjẹ.

Nítorí náà, èyí ni mo máa ń sọ fún àwọn ènìyàn mi. Ẹ lo iyọ̀ kíkúnná tó ní áyódìnì fún ìkòkò. Nínú ọbẹ̀, gbogbo iyọ̀ ló ń yọ́, ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ bóyá ẹ lọ̀ ọ́ tàbí ẹ kò lọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ọlọ dúró sórí tábìlì, jìnnà sí ooru gáàsì, fún ìba tí ẹ fẹ́ fi sórí oúnjẹ tó ti wà nínú àwo. Tó bá pọn dandan kí ẹ lò ó nídìí iná, ẹ lọ̀ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ gbígbẹ tàbí àwo kékeré, kí ẹ wá bù ú sínú ìkòkò. Tí ẹ bá ti lò ó tán, ẹ gbọn ẹnu rẹ̀, ẹ dé e. Nígbà òjò, ẹ gbé e sínú agolo tí ìdérí rẹ̀ fún.

Ẹ̀yin tí ọlọ yín wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ gbé e síta lálẹ́ òní, kí ẹ tó ronú àtirà òmíràn. Ẹ da iyọ̀ rẹ̀ síta, ẹ wo eyín rẹ̀. Tí ẹ bá mọ ẹnì kan tó ń múra àtiju tirẹ̀ nù, ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí i.